Bàbá mi ń retí ará àgíríìkì

Lánàá ni mo bá bàbá mi lọ sóko ẹ̀gẹ́ wọn. A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí i: ewé ti ká kò, àbàwọ́n yẹ́lò wà lára rẹ̀ káàkiri. Wọ́n hú ìdí kan. Ohun tó wà nísàlẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ.

"Ilẹ̀ yìí ti ṣá, ọmọ mi."

Ilẹ̀ kọ́ o! Àrùn mosaic ni. Eṣinṣin funfun kéékèèké ló ń gbé e kiri, igi ẹ̀gẹ́ tó ti kó o tẹ́lẹ̀ sì ń gbé e wọ oko tuntun. Ohun tó dùn mí wọra ni pé láti 1967 ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà n'Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mú ẹ̀gẹ́ tó ń kojú àrùn yìí jáde, irú èyí tí wọ́n ń pè ní TMS 30572. Ẹ̀gẹ́ wà. Ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá mi ni kò sí.

Wọ́n ṣì rántí ará àgíríìkì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń gun alùpùpù wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà tí owó Báńkì Àgbáyé ṣì ń wọlé fún ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba. Owó yẹn tán, ẹsẹ̀ ará àgíríìkì sì dá. Ní Maputo, lórílẹ̀-èdè Mozambique, lọ́dún 2003, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ìdá 10 nínú 100 owó ìṣúná fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Nàìjíríà kò tíì mú un ṣẹ, ó sì ń bí mi nínú gan-an.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń lọ Ìbàdàn lọ wá igi ẹ̀gẹ́. Alájọpààlà bàbá mi mẹ́ta ti ní kí n bá àwọn mú wá.