Ṣé burn-in ń tún ohùn hẹ́dífóònù ṣe, àbí ojú inú wa ni?

Ẹni tó bá ra hẹ́dífóònù tó wọ́n kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: má tíì sọ pé kò dáa, fi pink noise (ariwo tó ń hó ṣàà bí òjò) sí i, tì í sínú dúrọ́ọ̀, jẹ́ kó máa dún fún wákàtí 100. Àwọn mìíràn á ní 200. Burn-in ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní béèsì á kún, ohùn òkè tó ń gún etí á rọlẹ̀. Lójú tèmi, nǹkan kan ń yí padà lóòótọ́, àmọ́ kò sí níbi tí wọ́n ń nàka sí.

Ara sípíkà ńlá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wúfà ní rọ́bà tàbí fóòmù létí kóònù rẹ̀, ó sì ní aṣọ líle kan lẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní spider. Bí orin bá lù ú díẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí á dẹ̀, ẹ̀rọ ìwọ̀n á sì rí i. Driver inú hẹ́dífóònù, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń mú ohùn jáde, kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń jẹ́, kò sí oríkèé láàárín etí rẹ̀ àti àárín rẹ̀, ìrìn rẹ̀ kì í sábà tó mìlímítà 1. Kí ló fẹ́ dẹ̀ níbẹ̀? Èyí tó bá yí padà máa ń kéré débi pé gbígbé hẹ́dífóònù kúrò lórí, kí a tún un gbé lé e, ń yí ohùn padà jù ú lọ.

Tìmùtìmù hẹ́dífóònù tó ń kan etí gan-an ni kí a wò. Tuntun rẹ̀ máa ń le, ó sì máa ń fi àlàfo sílẹ̀ nísàlẹ̀ etí, ní kòtò ẹ̀yìn egungun párì. Ibẹ̀ ni béèsì ń gbà jò dànù, pàápàá tí olówó rẹ̀ bá ń lo jígí ojú. Ooru ara àti òógùn á mú fóòmù náà rọ̀, á gba ìrísí orí, àlàfo á dí, béèsì á kún. Driver náà á tún súnmọ́ etí, ohùn òkè á yàtọ̀. Fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ife méjèèjì díẹ̀ nígbà tí orin ń lọ: bí béèsì bá ṣàdédé kún, ó ń jò. Dúrọ́ọ̀ kò sì ní orí tí tìmùtìmù á fi rọ̀ mọ́ ọn.

Ìyókù, ọpọlọ ni. Ìrántí ohùn kì í pẹ́ lọ́kàn ẹ̀dá. Ta ló lè fi ohùn òní wé ti oṣù tó kọjá? Bí fólúùmù bá fi dB 1 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) péré ga jù, a ó kàn ní ohùn náà dáa sí i ni. Ẹ tún kíyè sí i pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan sọ pé burn-in ba hẹ́dífóònù òun jẹ́. Ìyípadà tó bá wá láti ara irin àti ike ì bá máa ba òmíràn jẹ́ nígbà mìíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i fúnra rẹ̀, kó burn ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Nínú sẹ́tínì fóònù, níbi Accessibility, tan mono (kí ohùn kan náà máa jáde lápá méjèèjì), kí o sì fa balance (tó ń pín ohùn sí òsì àti ọ̀tún) sí òsì pátápátá. Fi pink noise sí i fún wákàtí 100 ní fólúùmù tí o fi ń gbọ́ orin, má sì gbé e sórí rárá, kí tìmùtìmù méjèèjì lè wà bákan náà. Lẹ́yìn náà, dá balance padà sáàárín. Dijú, kí ẹlòmíràn máa gbé e sí ọ lórí, nígbà mìíràn ní ìdàkejì, kó di wáyà rẹ̀ mú kó má baà kàn ọ́ léjìká, kí ìwọ sọ ẹ̀gbẹ́ tó ti dún fún wákàtí 100 náà. Lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni kẹ́ ẹ ṣe é. Bí o bá gba 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò jọ pé ò ń méfò lásán. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe irú ìdánwò yìí kí pink noise tó bẹ̀rẹ̀, láti mọ̀ bóyá o ti lè dá ẹ̀gbẹ́ òsì mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí láti iléeṣẹ́ ni òsì àti ọ̀tún ti sábà máa ń fi dB 1 tàbí 2 yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá fo èyí ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ má yí fólúùmù sókè pé kó lè yá o. Ooru ló ń jó wáyà inú driver, kò sì sí àtúnṣe fún un. Ẹ tún ṣírò ọjọ́: ẹni tó ń gbọ́ orin fún wákàtí 2 lójúmọ́ á lo ọjọ́ 100 kó tó pé wákàtí 200, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kì í sì í gba ọjà padà lẹ́yìn ọjọ́ 30. Bí ohùn rẹ̀ bá ṣì ń gún ọ létí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí o ti ń lò ó, fi EQ (ètò tó ń dín apá kan ohùn kù tàbí tó ń fi kún un) yọ nǹkan bíi dB 3 láàárín 6 kHz sí 9 kHz, níbi ohùn òkè. Bí ìyẹn ò bá ràn án, dá a padà.