Ilé fún onílé, ilẹ̀ fún ẹgbẹ́: ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ ilé ní Àbújá

Ẹ̀yin àbúrò wa, kí ẹ tó ka iye búlọ́ọ̀kù, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítòsí Albany ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà, ni ètò ilẹ̀ àjùmọ̀ní yìí (community land trust) ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ẹgbẹ́ àdúgbò ló ni ilẹ̀, kì í tà á. Ilé nìkan ni olùrà ń rà, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọlọ́dún 99 lórí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Owó ilẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ni tíṣà fi lè rà á.

Àtúntà gan-an ni ojú iṣẹ́. Ká ní ilé jẹ́ mílíọ̀nù 6 náírà láìka ilẹ̀, tí adíyelé wá sọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé ó ti di mílíọ̀nù 10. Bí àdéhùn bá fún olùtà ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún èrè, mílíọ̀nù 1 ni tirẹ̀. Mílíọ̀nù 7 ni yóò tà á, iye yẹn náà sì ni ẹni tó kàn yóò san. Bí abala yìí kò bá sí nínú ìwé, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ ẹ̀dínwó náà. Àmọ́ lójú tiwa, ìdá 25 kéré fún ìlú tí náírà ti máa ń já. Ó sàn kí iye àtúntà máa tẹ̀lé bí owó oṣù ṣe ń gòkè, kí ẹ sì ka àtúnṣe tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí mọ́ ọn.

Ẹ má da ìwé Amẹ́ríkà kọ odindi o. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan ní ilẹ̀ títí láé níbí: C of O (ìwé ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) ọlọ́dún 99 ló lè ní. Bí ọdún 12 bá ti lọ nínú rẹ̀, ẹ kò lè fún onílé ní 99 mọ́. Kò gbọdọ̀ ju 87 dín ọjọ́ díẹ̀. Abala 22 òfin yìí tún ní kí ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní apá ilẹ̀ náà; ní Àbújá, ọ̀dọ̀ mínísítà FCT (agbègbè olú-ìlú) ni. Láìsí i, àdéhùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò ní AGIS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá. Ìwé Area Council (ìjọba ìbílẹ̀) tàbí ti olóyè Gbagyi, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, nìkan kò tó.

Ìwé kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ilé dúró, torí náà gbèsè kan lè kó gbogbo wọn. Gbèsè ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Georgia yẹn ní 1985. Ní 2025, ìjọba FCT fagi lé ìwé ilẹ̀ 4,794 nítorí ground rent (owó ilẹ̀ ọdọọdún fún ìjọba) tí wọn kò san. Ẹ máa gba tiyín lọ́wọ́ àwọn onílé lóṣooṣù sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí ẹ san án ní oṣù kìíní ọdún.

Báńkì yóò béèrè bóyá òun lè gba ilé bí onígbèsè kò bá san. Ẹ gbà fún un, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí ó kọ́kọ́ fi tó ẹgbẹ́ létí, kí ẹgbẹ́ sì ní àǹfààní láti san gbèsè náà tàbí ra ilé ọ̀hún kó tó dé ọjà.