Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń fi èdè kọ̀ǹpútà Haskell pe libsodium, àkójọ kóòdù tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ní àṣírí

Lọ́sẹ̀ yìí, mo tún rí unsafePerformIO, àṣẹ tó ń mú kí iṣẹ́ IO (iṣẹ́ tó kan ayé ìta, tí èsì rẹ̀ lè yí padà) dà bí ìṣírò lásán, nínú kóòdù ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe IT lọ́dọ̀ wa ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́ níbí. Ó ká mi lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ pe sodium_init, tó ń múra libsodium sílẹ̀. Bí ó bá dá -1 padà, ìyẹn ni pé ó kùnà, ẹ dá ètò náà dúró lójú ẹsẹ̀.

Èkejì, ẹ má ṣe fún kọ́kọ́rọ́ ní Show, ohun tó ń jẹ́ kí Haskell lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí a lè kà. Inú lọ́gù ni ẹ ó ti bá a lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kẹta ni nonce, báìtì ìlò-ẹ̀ẹ̀kan tí a ń lò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nígbà tí a bá ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé secretbox, àṣẹ libsodium tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, ń gba kọ́kọ́rọ́ báìtì 32 àti nonce báìtì 24, pé nonce kan kò gbọdọ̀ bá kọ́kọ́rọ́ kan náà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan rí náà mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni à ń ṣe, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá àti gbèsè tí wọ́n jẹ. Ẹni tó kọ apá yẹn kò fẹ́ rí IO nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi unsafePerformIO pe randombytes, tó ń mú báìtì tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ṣáájú wá, lókè fáìlì, ó sọ èsì rẹ̀ ní nonce, ó lẹ NOINLINE mọ́ ọn, àmì tí kì í jẹ́ kí Haskell ṣe àdàkọ rẹ̀ sí ibòmíràn. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Haskell ń ṣírò rẹ̀. Èsì yẹn ni yóò máa lò títí ètò yóò fi kú. Ìdánwò wọn kọjá, torí wọ́n ń pa ètò, wọ́n ń tún un tàn. Sáfà kì í kú bẹ́ẹ̀.

Mo ṣí database, báìtì 24 àkọ́kọ́, níbi tí nonce wà, bára mu láti ìlà dé ìlà. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní ọmọ àná ni mí, pé kò sí ẹni tó lè já libsodium. Ta ló ní wọ́n já a? Kọ́kọ́rọ́ àti nonce ni XSalsa20, ọ̀nà ìpamọ́ tí secretbox ń lò, fi ń pèsè ọ̀wọ́ báìtì tó ń fi XOR (ìpapọ̀ tí a lè tú nípa ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kejì) pa pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Bí ọ̀wọ́ náà bá jẹ́ ọ̀kan, ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tí dátà náà bọ́ sí lọ́wọ́, á fi ohun tó mọ̀ yọ ọ̀wọ́ náà jáde, á sì fi ka gbèsè ẹlòmíràn, dé ibi tí tirẹ̀ gùn mọ. Inú ọ̀wọ́ yẹn náà ni kọ́kọ́rọ́ Poly1305, tó ń fi òǹtẹ̀ sí àkọsílẹ̀ kí a lè mọ ojúlówó, ti ń wá, nítorí náà ayédèrú àkọsílẹ̀ lè wọlé kó dà bí ojúlówó. Gbèsè àwọn ìyá tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba la fi ń ṣeré o!

Nígbà tí àyẹ̀wò láti ìta bá ohun kan náà, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ mi. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí encrypt, àṣẹ yín tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, dá IO padà, kí gbogbo ẹni tó bá pè é rí i. Kí ìdánwò yín fi ọ̀rọ̀ kan náà pè é lẹ́ẹ̀mejì láìpa ètò. Bí báìtì 24 àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí build má ṣe kọjá.