Sísọ́ọ̀sì Bọ̀dá Télọ̀

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹrin, 2020. Agége.

Wọ́n ti rí oṣù. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n kò ní sí àṣámù, ìrun alẹ́ ààwẹ̀, ní mọ́ṣáláṣí, kónílé-ó-gbélé kòrónà ò tíì parí. Láti 30 Oṣù Kẹta ni ìjọba àpapọ̀ ti sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé. Ọjọ́ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n tún fi 14 mìíràn lé e.

Bọ̀dá Télọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí mú jù nínú ilé wa. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀rín wọn la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́! Àjíǹde dé, kò sí òde. Aṣọ ẹbí tí wọ́n ti gé wà nínú báàgì, wọ́n fi bẹ́díṣíìtì bo mọṣíìnì. Wọ́n á sùn di ọ̀sán, oúnjẹ ò wù wọ́n, alẹ́ nìkan ni wọ́n ń dúró dè, kí wọ́n lè gbọ́ iye àwọn tó kó kòrónà tí NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, máa kà. Ẹnìkan ní ìgbéraga ni, ẹlòmíràn ní àìlówó. Èmi ò gbà. Àwọn dókítà ní bí nǹkan ò bá wu èèyàn mọ́, tí oorun àti oúnjẹ yí padà, tó sì ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ó ti kọjá ìbànújẹ́ lásán. "Ẹ ṣọkàn akin" tí à ń sọ lẹ́nu ọ̀nà wọn, ṣe ló tún ń dójú tì wọ́n.

Ẹ wá wo ohun tó fà wọ́n jáde: olè! Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ariwo ẹgbẹ́ olè Wọ́n Mílíọ̀nù Bọ́ìsì (One Million Boys) gba àdúgbò, tí gbogbo ọkùnrin ń ṣọ́ òru nídìí táyà tó ń jó, Bọ̀dá gbé sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi ń gé aṣọ jáde. La bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dòru gan-an, wọ́n ní, "Àbúrò, tí mo bá jí lójú oorun láàárọ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ jí ṣe."

Mi ò gbà wọ́n níyànjú kankan. Mo kàn ní, "Ó le lóòótọ́, bọ̀dá mi." Ẹlẹ́nu bíi tèmi!

Mi ò bi wọ́n ní "ṣé dáadáa ni?" mọ́, torí "a dúpẹ́" ni èsì rẹ̀. Ohun tí wọ́n jẹ ni mò ń bi wọ́n. Mo ní kí wọ́n fi àgékù àǹkárá rán ìbòmú fún mi, wọ́n rán díẹ̀. Àmọ́ lánàá, wọn ò jáde rárá. Tí ìjọba bá tú wa sílẹ̀, màá sìn wọ́n lọ rí dókítà, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé orí àwọn ò dàrú. Ẹ̀bà ni wọ́n ní àwọn máa jẹ lálẹ́ yìí. Omi ti ń hó.