Ìdúpẹ́ mi lórí ohun tí ojú mi rí lẹ́nu ọ̀sà Èkó

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tí kò jẹ́ kí òkun gbé mi lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti padà sí Adó-Èkìtì, ṣùgbọ́n òní ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ tó láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí títí di ìjẹta, bí mo bá ti di ojú báyìí, ibùsùn á bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ mi.

Ẹ mọ ohun tó gbé mi dé Èkó, n kò ní tún un sọ. Ìdí tí mo fi wọ ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ọmọ Ìgèdè sì ni mí. Láti kékeré ni ó ti ń wù mí láti rí ibi tí omi wa ń já sí. Ìhà Lẹ́kí ni Ọ̀ṣun ti ń wọnú ọ̀sà, omi ibẹ̀ a sì máa bá ti ọ̀sà Èkó lọ, títí yóò fi gba ẹnu ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Àpápá bọ́ sínú òkun Àtìláńtíkì. Mo rí i, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n sọ fún wa pé yanrìn ló dí ẹnu ọ̀sà yẹn láyé àtijọ́, tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé, àfi kí wọ́n lọ já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kékeré ní Forcados, èbúté kan lápá Delta. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni ìjọba òyìnbó to òkúta gun inú òkun lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí omi tó ń jáde lè máa fi agbára gbá yanrìn kúrò lọ́nà.

Omi kan náà tó ń gbá yanrìn jáde ni ó fẹ́ gbá àwa náà jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ni, a ń padà bọ̀ láti Tarkwa Bay, etíkun tó wà nítòsí ẹnu ọ̀sà náà, àwa 11 nínú ọkọ̀. Ọ̀rá dídọ̀tí kan wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì kú. Ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ fa okùn rẹ̀ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Omi ń fà lọ sínú òkun, àwa náà ń bá a lọ. Nígbà tí ẹnìkan béèrè ìdákọ̀ró, kò sí. A béèrè àjẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo kò sí nínú ọkọ̀ tí a sanwó wọ̀! Níbi tí omi tó ń jáde ti ń pàdé ìgbì tó ń wọlé, ìgbì a máa dìde dúró bí ògiri ni, ibẹ̀ gan-an ni a sì dojú kọ. Ọkọ̀ òkun kan tó to kọ̀ǹténà lé orí ara wọn wá ń bọ̀ níwájú wa, kò sì sí bó ṣe lè yà fún wa. Nígbà tó fọn fèrè, inú egungun mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Bàbá apẹja kan ni Ọlọ́run rán sí wa. Ọkọ̀ onípákó ni wọ́n wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré ló sì wà nídìí rẹ̀. Wọn kò pariwo rárá. Wọ́n ní, “Ìyá, ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dìde.” Wọ́n ju okùn sí wa lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sómi; wọ́n rọra fà á padà, wọ́n ká a, wọ́n tún jù ú, ó sì bà lé itan mi. Èmi ni mo dì í mú títí ọmọkùnrin náà fi so ó mọ́ iwájú ọkọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìpẹ́ ẹja mẹ́ta ṣì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tí a gúnlẹ̀ tí mo yọ owó, bàbá kò gbà á. Wọ́n béèrè ibi tí mo ti wá, mo ní Èkìtì, wọ́n ní, “Àwọn oníyán!” Ojú oró níí lékè omi: bàbá yìí kò ní rì láéláé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ni ọmọ orí òkè ń wá lójú omi, tí ẹ sì tún pè mí láti sọ pé ẹ ti kìlọ̀ fún mi, mo gbọ́ yín. N kò kábàámọ̀ pé mo lọ. Ọkọ̀ tí kò ní ìdákọ̀ró ni ẹ̀bi wà fún, kì í ṣe ìrìn àjò mi. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó béèrè ìdákọ̀ró àti àjẹ̀ kó tó sanwó, kó sì so gbogbo okùn láìfù-jákẹ́ẹ̀tì mọ́ra pinpin, nítorí tèmi tí mo kàn gbé kọ́ ọrùn ni mo ń wá bí mo ṣe máa so pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Kó má sì jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ bá òun lójú omi.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni mo máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣu 20 sì ti wà nílẹ̀ fún bàbá náà. Mo mọ èbúté tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ wọn mọ́, nítorí náà, ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó jọ̀wọ́ yà sílé mi kó bá mi gbé e.