Aró Ẹ̀ẹ̀melòó Nìyí?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ di ọ̀dà yín sínú àpótí títí òtútù yóò fi kọjá, ẹ má dì í. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni mo ti kọ́ ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwòrán yíyà níta yìí. Àmọ́ kánfáàsì tí mo bà jẹ́ kò lóǹkà kí n tó mọ ohun tí mo ń jáde lọ wá.

Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń gbé. Bí mo bá wa ọkọ̀ díẹ̀ kúrò nílùú, mo ti dé Stanage Edge, àpáta gígùn kan tó dúró bí ògiri lórí òkè ní Peak District. Igi kò pọ̀ níbẹ̀. Koríko ló wà níbẹ̀, àti heather, igi kúkúrú orí òkè, tó ti gbẹ di àwọ̀ ilẹ̀, odi òkúta tí àwọn àgbẹ̀ tò láìfi sìmẹ́ńtì sí i, àti àgùntàn. Bí yìnyín bá bo ibẹ̀, ẹni tó ti Abẹ́òkúta wá bíi tèmi á ní funfun ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe lọ́dún àkọ́kọ́. Mo fún ọ̀dà funfun jáde nínú túùbù, mo fi kun ilẹ̀ láti etí kan dé ìkejì. Bàbá arúgbó kan tóun náà ń yàwòrán níbẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó títí, ó ní, "Oòrùn àwòrán yìí dà?" N kò rí èsì fọ̀. Ó ní kí n na bébà funfun kan sínú oòrùn, kí n fi wé yìnyín tó wà lábẹ́ odi. Háà! Yìnyín tí mò ń pè ní funfun ti dúdú ju bébà lọ fíìfíì, ó sì tún ní búlúù nínú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló tàn mí. Bí a bá ti pe nǹkan ní funfun báyìí, ojú kì í fẹ́ wò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ilé náà ni mo ti rí oògùn rẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Aṣọ tí wọ́n rì bọnú aró lẹ́ẹ̀kan kì í bá èyí tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀marùn-ún dọ́gba, ọmọdé ilé wa pàápàá lè wò ó kó sọ iye ìgbà. Nígbà tí mo tún padà sórí òkè, mo wo òjìji odi náà, mo bi ara mi pé: aró ẹ̀ẹ̀melòó nìyí? Nídìí odi, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lókèèrè, níbi tó ti fẹ́ pòórá, ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn náà kò sì pẹ́ nínú ìkòkò. Òṣùwọ̀n yìí ni mo ṣì ń lò. Ó ṣe mí lóore ju gbogbo ìwé àwọ̀ tí mo fowó rà lọ.

Ìdí tí òjìji orí yìnyín fi ní búlúù kò le. Ibi tí oòrùn kò dé, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń tàn síbẹ̀, búlúù sì ni ọ̀run tó mọ́. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bo gbogbo rẹ̀, búlúù yẹn á lọ, òjìji gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí. Ẹni tó bá wá ń fi búlúù sí i lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo sọ ọ́, irọ́ ló ń yà. Nígbà òtútù ọdún 1868 sí 1869, Claude Monet, ayàwòrán ọmọ Faransé, ya àwòrán yìnyín nítòsí Étretat ní ilẹ̀ Faransé, ẹyẹ kan bà lórí géètì onígi, òjìji ọgbà sì kún fún búlúù. Ìgbìmọ̀ tó ń yan àwòrán fún ìpàtẹ Salon ní Paris kọ̀ ọ́ lọ́dún 1869. Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris, ló wà báyìí.

Oòrùn ibí yìí nínú oṣù Kejìlá kì í ga. Ó ń yọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀, kí aago mẹ́rin tó lù ó ti wọ̀. Ní ọ̀sán gangan pàápàá, kò fi bẹ́ẹ̀ ju dígírì 13 lọ sókè ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀pá tó ga ní mítà 2 á ta òjìji tó lé ní mítà 8. Irú òjìji bẹ́ẹ̀, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ la máa ń rí i nílé. Níbí, ojúmọ́ dé alẹ́ ni. Èrè ńlá ni fún ayàwòrán, àmọ́ kì í dúró deni. Ẹ fi pẹ́ńsù fa etí òjìji náà lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì fi í síbẹ̀. Ẹni tó bá ń lé e kiri á fi oòrùn mẹ́ta sínú àwòrán kan ṣoṣo.

Pátákó kékeré ni kí ẹ gbé dání, ínṣì 8 sí 10, ogójì ìṣẹ́jú ti tó. Ẹ kò lọ parí àwòrán níbẹ̀. Ẹ lọ bèèrè ohun tí yàrá iṣẹ́ kò lè dá yín lóhùn: láàárín ọ̀run àti ilẹ̀, èwo ló mọ́lẹ̀ jù? Ibo ló dúdú jù lọ? Òjìji ńkọ́? Bí ẹ bá ti rí ìyẹn gbà, ẹ máa lọ sílé. J.M.W. Turner, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó rin agbègbè Yorkshire lọ́dún 1816, pẹ́ńsù ló sábà máa ń lò níta, inú ilé ló ti ń fi ọ̀dà sí i. Iṣẹ́ orí bébà rẹ̀ tó di ti ìjọba lẹ́yìn ikú rẹ̀ lé ní 30,000.

Ẹsẹ̀ ni òtútù ti ń wọlé, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀ kí ẹ dúró lé e, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ọ̀dà olóròóró máa ń le koránkorán, ẹ jẹ́ kí túùbù wà nínú kóòtù, lẹ́bàá àyà. Ọ̀dà olómi a máa dì lórí bébà. Àwọn kan ń da ọtí fódíkà díẹ̀ sínú omi kó má baà dì, èmi náà ń ṣe é, ó sì pẹ́ kí ìyàwó mi tó gbà pé búrọ́ọ̀ṣì ló ń mu ún. Ọ̀dà ákírílíìkì ní tirẹ̀, bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ nǹkan bíi 10°C, kì í di ara rẹ̀ mú dáadáa. Inú ilé ni kí ẹ fi í sí.

Bí ẹ bá délé, ẹ ṣọ́ra fún gílóòbù. Mo lo odidi alẹ́ kan lábẹ́ gílóòbù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Gbogbo búlúù tí mo pò ló ń dà bí eérú, mo ń fi kún un, mo ń fi kún un. Ilẹ̀ mọ́, mo ṣí fèrèsé. Òjìji mi ti di aṣọ ìgbà ọ̀fọ̀, aró ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Gílóòbù 5000K, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ọ̀sán, ni mo ń lò báyìí, síbẹ̀ àwọ̀ tó bá ṣe pàtàkì, ọ̀sán ni mo ń pò ó. Ẹ má ti gbogbo fèrèsé pa nítorí òtútù bí ẹ bá ń lo turpentine, omi tí a fi ń po ọ̀dà olóròóró, orí fífọ́ ló kọ́ mi ní èyí. Ẹ má sì kọ ojú àwòrán tuntun sí ògiri nínú òkùnkùn, òróró linseed tó wà nínú ọ̀dà a máa pọ́n níbẹ̀, yìnyín yín á sì di àwọ̀ eyín arúgbó.

Fọ́tò ńkọ́? Mo ń yà á, nítorí ọ̀nà tí òkúta gbà tò. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà sábà máa ń sọ yìnyín di eérú. Ojú ọlọ́jú ò lè jọ ojú ẹni. Ẹ̀yìn pátákó ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí, kí ọwọ́ yín tó gbóná.

Èyí tó wà níwájú mi báyìí, kánfáàsì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, pátákó kékeré kan ni mo fi ń yà á. Ohun tí mo kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni: "2:40. Ọ̀run ṣú ju ilẹ̀ lọ. Aró ẹ̀ẹ̀kan." Ilẹ̀ ti jókòó. Ọ̀run ni kò tíì gbọ́ tèmi, mo ti nù ún kúrò lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá ti da iyọ̀ tó ń yọ́ yìnyín sójú ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé, màá tún gòkè lọ wò ó.