Oníbàárà Tó Ń Ṣọ́ Góòlù Rẹ̀

Ní Ìbàdàn tí mo ti kọ́ṣẹ́ góòlù lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, oníbàárà kì í lọ sílé. Bí ìyá kan bá gbé yẹtí tó ti kán wá pé ká yọ́ ọ ṣe òrùka, á fa àga, á jókòó tì wá títí iṣẹ́ á fi parí. Kò pè wá lólè o, àmọ́ ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára góòlù rẹ̀, kí bàbà má baà wọ̀ ọ́. Bó ṣe ń ṣọ́ wa ló ń ròyìn ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Ní Zürich ní Switzerland, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n á fi òrùka sílẹ̀, wọ́n á gba ìwé pélébé, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òǹtẹ̀ ni wọ́n gbọ́kàn lé. A ó tẹ àmì ṣọ́ọ̀bù wa, tó ní àkọsílẹ̀ ní Bern, àti 750 sára góòlù 18 kárátì, ìyẹn ni pé ìdá 750 nínú 1,000 rẹ̀ ló jẹ́ ojúlówó góòlù. Tí ọ́fíìsì ìjọba bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi orí ajá Saint Bernard kún un. Láti 1995 ni ajá yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rín pa mí: àwọn náà ṣáà fi ajá ṣọ́ góòlù!

Ọmọ iṣẹ́ ibí ń lo ọdún 4, ó ń lọ sílé ìwé, ó sì ń gbowó oṣù. Ọmọ iṣẹ́ o! Èmi tí mo ra obì àti mínírà lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́, tí mo tún ra òmíràn lọ́jọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù.

Ti eruku ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Tábìlì wa gé wọnú bí òṣùpá ààbọ̀, awọ sì so lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba ohun tí fáìlì bá fá. Omi ìfọwọ́ pàápàá ní ibi tí ìdọ̀tí rẹ̀ ń rọ̀ sí. Ìdọ̀tí ilẹ̀, wọ́n ń pè é ní Gekrätz, a ń kó o jọ fún àwọn tó máa yọ góòlù inú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi, mo gbọn épírọ́ọ̀nù sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá mi obìnrin ò pariwo. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì fún mi, mo sì gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é. Ahọ́n mi ò gbà á, "Chefin", ìyẹn ọ̀gá obìnrin lédè Jámánì, ni mò ń pè é.

Lóṣù tó kọjá, ìyá arúgbó kan mú ẹ̀gbà ọrùn ìyá rẹ̀ wá fún yíyọ́, ó ń wò yán-ún-yán-ún lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ lọ. Kí Chefin tó sọ̀rọ̀, mo ti fa àga fún un.